Yunifásítì ni àbí ilé eré? Ọ̀rọ̀ Houston láàárín àwa ará Àjàṣẹ́

ÌBÉÈRÈ

Ìyá ọlọ́mọ kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) kọ̀wé báyìí: «Ọmọ mi ọkùnrin ti ga débi pé orí rẹ̀ ń kan àtẹ́rígbà, básíkẹ́ẹ̀tì ló sì ń gbá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọkùnrin kan wá bá wa nílé, ó ní òun lè bá wa fi í sí Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà, níbi tí Hakeem Olajuwon, gbajúgbajà agbábásíkẹ́ẹ̀tì nì, ti kàwé, pé eré tó mọ̀ ọ́n ṣe ni yóò san owó ilé-ìwé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní yunifásítì tó bá ń fi bọ́ọ̀lù pe ènìyàn, ilé eré ni, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́. Èmi ò mọ èyí tí mo lè gbà nínú méjèèjì. Kí ni wọ́n ń fi eré ṣe ní yunifásítì gan-an? Kí ló sì dé tí a kì í gbọ́ irú rẹ̀ ní tiwa?»

* * *

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ bẹ̀rẹ̀, torí òun lọ̀pọ̀ òbí ń sọ. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní kọlẹ́jì kan ní Àjàṣẹ́ níbí, kò sí ìpàdé òbí tí n kì í gbọ́ ọ: «Ìwé ni mo ní kó wá kà, mi ò ní kó wá sáré.» N kì í bá wọn jà. Ẹni tó ti rí ọmọ àdúgbò tó torí bọ́ọ̀lù pa bákì (ìdánwò àṣejáde girama) tì, tó wá ń wa zémidjan (alùpùpù akérò) kiri ọjà Ouando lónìí, bí àyà rẹ̀ bá ń já, kò jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n Houston tí ẹ dárúkọ kì í ṣe ilé eré. Ní 1927 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ilé-ìwé kékeré tó ń kọ́ni lálẹ́ nínú ọgbà ilé-ìwé girama kan ni nígbà yẹn. Ó di yunifásítì ní 1934. Ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì kò dé ibẹ̀ títí di 1945. Ìwé ti jókòó síbẹ̀ fún ọdún méjìdínlógún kí ẹnikẹ́ni tó ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n lórúkọ ilé-ìwé náà.

Nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Guy Lewis. Ó gbá bọ́ọ̀lù, ó kàwé, nígbà tó yá ó padà wá ṣe igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní 1956 wọ́n fi í ṣe olórí, kò sì kúrò nípò náà títí di 1986. Ọgbọ̀n ọdún gbáko! Táwẹ́ẹ̀lì pupa aláàmì róbótó-róbótó funfun ni kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Bí ìdíje bá le, á fún un bí ẹni tó ń fún aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìdíje tó borí jẹ́ 592. Òun ló mú Elvin Hayes àti Don Chaney wá láti Louisiana ní 1964, àwọn adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Houston, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì gúúsù Amẹ́ríkà kò tíì jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1968, Houston gbàlejò UCLA, yunifásítì kan láti California, nínú Astrodome, pápá ńlá tí wọ́n fi òrùlé bò ní Houston. UCLA ti borí nínú ìdíje 47 léra wọn. Èrò 52,693 ló wá wòran, ní ìgbà tí ènìyàn kò mọ̀ pé básíkẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fa irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀. Hayes nìkan ju bọ́ọ̀lù wọlé gba àmì 39. Houston borí, 71 sí 69, gbogbo Amẹ́ríkà sì wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà. Òótọ́ ni pé UCLA padà fìyà jẹ wọ́n ní ìparí sáà yẹn kan náà, 101 sí 69. Àmọ́ alẹ́ Astrodome ni wọ́n ṣì ń ròyìn rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí bàbá ọmọ mú níbẹ̀ ni Lewis fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ni, ó padà, ó dúró. Ibi tí ìtàn eré Houston ti wá nìyẹn.

* * *

Àwọn mìíràn náà dá sí ọ̀rọ̀ ìyá yìí. Ẹ̀gbọ́n kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ sọ fún mi pé mò ń fi ọlá Olajuwon fún ilé-ìwé. Ó ní Ọlọ́run ló fún ọmọ náà ní gíga àti ẹsẹ̀, pé ibi yòówù kó lọ, yóò di ẹni ńlá. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, n kò sì gbà á rárá.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ọmọ Èkó tó ń ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, tó tún ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, ni Olajuwon. Ó ti bàlágà kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Ní 1980 ló dé Houston. Ní odidi sáà àkọ́kọ́, wọn kò fi í sínú ìdíje kankan. Ó ń kàwé, ó ń gbára dì, ó ń jẹun kó lè lágbára. Ní àsìkò ọlidé, àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní kó máa lọ sí gbọ̀ngàn Fonde láàárín ìlú, níbi tí Moses Malone ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Malone yìí ni ọ̀gá àwọn tó ń gbá lábẹ́ agbọ̀n nígbà náà, agbábọ́ọ̀lù Rockets, ẹgbẹ́ àwọn tó fi básíkẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ ṣe ní Houston, ó sì ti gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù. Ó ń ti ọmọ náà, ó ń fi èjìká gbún un, ó ń gba bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, kò gbé e jókòó rí. Ọmọ náà ń padà lọ lọ́jọ́ kejì.

Ta ló san owó fún Malone? Kò sẹ́ni tó san án. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú náà nìyẹn: àgbà ń bá ọmọdé gbá. Gíga jẹ́ ti Ọlọ́run, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ tí gbogbo ayé fi mọ Olajuwon, ẹnì kan ló jẹ́ kó rí ibi tó ti kọ́ ọ. Mo mọ ọmọ mẹ́ta ní agbègbè Àjàṣẹ́ tí wọ́n ga tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó jù ú lọ. Àwọn àgbà tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí alùpùpù, wọn kì í dúró.

* * *

Wọ́n bi mí láti Kétu pé: «Kí ni Houston gba wálé pẹ̀lú Olajuwon tí ẹ fi ń yìn ín?» Ní ti ife ìdíje orílẹ̀-èdè, kò gba nǹkan kan. Ó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn ní 1982, 1983 àti 1984. Ní 1983, Olajuwon àti Clyde Drexler àti àwọn yòókù, tí oníròyìn kan sọ ní Phi Slama Jama torí bí wọ́n ṣe ń fò gbá bọ́ọ̀lù wọ agbọ̀n láti òkè, wọ àṣekágbá bí ẹni tí kò ní alátakò. North Carolina State na wọ́n, 54 sí 52. Bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan jù láti òkèèrè tí kò tilẹ̀ kan irin, Lorenzo Charles hán an lójú ọ̀run, ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ agbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá tó kẹ́yìn. Síbẹ̀ Olajuwon ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù nínú ìdíje náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pàdánù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Georgetown nà wọ́n.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Houston tún wọ àṣekágbá, lábẹ́ Kelvin Sampson tó ti ń darí wọn láti 2014. Lóru ni ọ̀dọ̀ wa, ó kù díẹ̀ kí agogo méjì lù nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi kan kó ara wa jọ sí fóònù kan ṣoṣo ní ẹ̀yìnkùlé, a so ó mọ́ igi ìsáṣọ kí gbogbo wa lè rí i. Florida borí, 65 sí 63. Àwọn ọmọ náà bínú débi pé ọ̀kan kò bá wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n dé pápá kí n tó dé ibẹ̀.

Ẹni tó bá ti Kétu wá kò yẹ kó ya ẹnu sí èyí. Ìdí tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi wà títí dòní ni pé ọdún ń yí po, ẹgbẹ́ ń péjọ, àwọn tó mọ orin Ẹ̀fẹ̀ ń kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ife tí wọ́n gbà wálé. Eré yunifásítì tó ní ìtàn, bó ṣe rí nìyẹn.

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ ẹranko, torí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀.

Kúgà, ẹranko tó jọ ẹkùn, ni àmì Houston. Láti 1947 ni wọ́n ti ní èyí tó wà láàyè, Shasta ni wọ́n sọ ọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní 1953 wọ́n gbé e lọ sí Austin, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò bá Yunifásítì Texas figa gbága nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ilẹ̀kùn àgò há a lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì bá a lọ. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ará Texas rí i, wọ́n wá ń ká ìka kan lọ́wọ́ wọn kò láti fi wọ́n ṣe ẹ̀sín. Wọ́n tún na Houston, 28 sí 7. Kí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Houston ṣe? Wọ́n gba àmì ẹ̀sín náà ṣe tiwọn. Ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín ni wọ́n ń ká kò, tí wọ́n á na àwọn yòókù sókè, títí wọ́n fi na Texas ní Austin ní 1976, 30 sí òdo. Wọ́n ṣì ń ṣe é lónìí, àgbà àti ọmọdé.

Ẹnì kan ní ìwà ìkà ni kí wọ́n fi ẹranko sínú àgò torí eré. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn náà ti gbà: láti 1989 kò sí kúgà alààyè nínú ọgbà ilé-ìwé náà mọ́, ọgbà ẹranko ìlú ló ń tọ́jú èyí tó ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Ṣùgbọ́n àwa ńkọ́? Ní 2022 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa padà, Écureuils (ọ̀kẹ́rẹ́) di Guépards (ẹranko asáré tó jọ ẹkùn). Àwọn kan ní ó yẹ, pé ọ̀kẹ́rẹ́ kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo kọ̀ ọ́ nígbà náà, mo sì kọ̀ ọ́ báyìí. Ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn ni orúkọ tó wà lára wa ní Kairo ní oṣù keje ọdún 2019, nígbà tí a gbá ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú Mòrókò tí a sì fi pẹnáritì lé wọn lọ sílé. Ìgbà yẹn nìkan ni a tíì dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú ife ilẹ̀ Áfíríkà. Bí wọ́n bá fi wá ṣe ẹ̀sín pé a kéré, ohun tó yẹ kí a ṣe ni ohun tí àwọn ọmọ Houston fi ìka wọn ṣe.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ìyá ọmọ, torí ibi tí owó wà ni ewu wà.

Ìyá, kò sí ẹni tó ń ta ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ eré. Bí ọkùnrin yẹn bá ti béèrè owó «láti fi ọmọ sí i», ẹ sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìdílé kan tí mo mọ̀ dáadáa ta ilẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé ìpè tí alágbàtà náà mú wá dára lójú, ó ní òǹtẹ̀, ó ní ìbuwọ́lùwé. Ìgbà tí mo wo àdírẹ́sì íméèlì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo rí i pé kì í ṣe ti yunifásítì kankan. Ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń parí sí .edu. Orúkọ gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn sì wà lórí ojú-òpó ilé-ìwé, ẹ lè kọ̀wé sí wọn tààrà, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ọkùnrin náà.

Èkejì, kí bàbá gbọ́ èyí dáadáa: àjọ tó ń ṣàkóso eré yunifásítì níbẹ̀, NCAA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1906, kò ní jẹ́ kí ọmọ wọ pápá ní ìpele àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tí wọ́n pín ilé-ìwé sí, bí ìwé rẹ̀ kò bá dára. Iṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ni ó gbọ́dọ̀ ti ṣe yọrí ní ilé-ìwé girama: ìṣirò, èdè, sáyẹ́ǹsì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀ sì tó 2.3 nínú 4. Nítorí náà, ẹ tọ́jú gbogbo ìwé èsì láti troisième (kíláàsì kẹrin girama) lọ sókè, ẹ má jẹ́ kí ìkán jẹ ẹ́. Ọmọ tó bá pa bákì tì torí kó lè lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà. Ibi tí bàbá ọmọ ti ń bẹ̀rù gan-an ni òfin eré náà ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sì ṣe gbogbo ilé-ìwé ló ń fúnni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ torí eré; àwọn tó wà ní ìpele kẹta kì í fúnni rárá.

Àwọn ọ̀dọ́ tún ń pariwo pé àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ti ń gba owó ńlá báyìí. Òótọ́ ni. Láti oṣù keje 2021 ni wọ́n ti lè fi orúkọ àti àwòrán ara wọn gbowó, láti 2025 sì ni àwọn ilé-ìwé fúnra wọn ti lè máa san owó fún wọn tààrà. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé kò ní òmìnira bẹ́ẹ̀, òfin físà náà há iṣẹ́ àti owó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mílíọ̀nù sẹ́fà tan ọmọ yín.

* * *

Dàdá kan (ẹ̀gbọ́n obìnrin) béèrè bóyá ti ọkùnrin nìkan ni gbogbo èyí, torí ọmọbìnrin rẹ̀ náà ga. Rárá o. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1972, Title IX, kò jẹ́ kí ilé-ìwé tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ẹ̀tọ́ du obìnrin, eré sì wà nínú rẹ̀. Ní Houston kan náà, Flo Hyman ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ eré. Fọ́líbọ́ọ̀lù ló ń gbá, ó ga tó mítà 1.96. Òun àti ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà gba fàdákà ní Òlíńpíìkì 1984.

Ní oṣù kìíní 1986, ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nígbà ìdíje kan ní Japan, ó sì kú. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ọ̀kan ni. Àìsàn Marfan ló ní láìmọ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn ga, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde má lágbára. Mo bẹ gbogbo òbí tí ọmọ rẹ̀ ga ju ẹgbẹ́ lọ: kí dókítà gbọ́ ọkàn ọmọ náà kó tó bẹ̀rẹ̀ eré líle. Èmi kì í gba ọmọ sínú ẹgbẹ́ mi mọ́ láìrí ìwé dókítà, àwọn òbí kan sì bínú sí mi nítorí owó àyẹ̀wò. Kí wọ́n máa bínú.

* * *

Ó wá ku ìbéèrè tó kẹ́yìn: kí ló dé tí a kì í gbọ́ irú rẹ̀ ní tiwa?

Ọ̀pọ̀ èsì tí mo rí ni pé «kò sówó, kò sí pápá.» Ẹ gbọ́: ní alẹ́ tí Houston na UCLA ní 1968, wọn kò ní gbọ̀ngàn tiwọn. Gbọ̀ngàn àwọn ilé-ìwé girama ìlú ni wọ́n ń yá gbá bọ́ọ̀lù. Ọdún 1969 ni tiwọn tó parí. Nítorí náà, mi ò gba àwáwí pápá. Mo mọ bí pápá wa ṣe rí. Simẹ́ńtì rẹ̀ ti là, èfun la fi ń tún ìlà rẹ̀ fà ní gbogbo àárọ̀ ìdíje, òjò kan ṣoṣo á sì fọ gbogbo rẹ̀ lọ. A ṣì ń gbá níbẹ̀.

A kò sì ṣàìní ilé-ìwé. Láti 1970 ni yunifásítì ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí. INJEPS, ẹ̀ka Yunifásítì Abomey-Calavi tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá, Àjàṣẹ́ níbí ló fìdí kalẹ̀ sí. Pápá Charles de Gaulle wà láàárín wa. Ohun tí a kò ní ni àkọsílẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà nípa Dragons de l'Ouémé, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ìlú wa, wọn yóò ka orúkọ agbábọ́ọ̀lù fún yín títí oúnjẹ yóò fi tutù. Ẹ wá bi wọ́n ta ló gba ipò kìíní nínú eré sísá láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò ní dáhùn. Ẹni náà wà láàyè, ó lè jẹ́ olùkọ́ ní Pọ́bẹ̀ tàbí ní Ìsàkété, kò sẹ́ni tó pè é padà wá rí.

Fòfó kan (ẹ̀gbọ́n ọkùnrin) ní iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Bí a bá ń dúró de ìjọba, àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò ti kú tán. Mo ti ra ìwé ńlá kan, irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń kọ gbèsè, mo sì ti ń kọ orúkọ, ọdún, eré, àti ibi tí ẹni náà wà báyìí sínú rẹ̀. Èmi àti olùkọ́ méjì mìíràn la jọ ń ṣe é. Bí ẹnì kan bá wà nínú rẹ̀ tó ṣì lágbára, a ó pè é wá bá àwọn ọmọ gbá lọ́jọ́ Sátidé, láìsí ètò ìkíni àti ọ̀rọ̀ ìṣíde. Kó wọ bàtà rẹ̀ wá ni.

Ìyá, ẹ mú ọmọ yín wá lọ́jọ́ Sátidé, kí ó sì mú bàbá rẹ̀ dání. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ní fọ́tò àwọn ẹgbẹ́ yunifásítì àtijọ́ nínú àpótí, ẹ mú un wá ká yà á, a ó dá a padà fún yín lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó gbé e wá, ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó dúró nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún.